Òṣòdì Ló Sọ Volkswagen Di Danfo

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún lọ́dún 2025, mi ò gbọ́ ìlù, mi ò sì rí ẹni tó dá aṣọ ẹbí. Kò yà mí lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ tó fi sílẹ̀ ni kò kógbá sílé. Ẹni tó bá sì ń wá ibi tí orúkọ náà ń gbé, kó má wulẹ̀ lọ sí Ọ̀jọ́. Òṣòdì ni kó gbà lọ, kó ya Ìsọlọ̀, kó sì fàbọ̀ sí ọjà Ládípọ̀.

Òṣòdì tí wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe tó di jagunjagun pàtàkì fún Ọba Kòsọ́kọ́, kì í ṣe ìlú ọlọ́kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú irin ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Agége Motor Road wá bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba la ọ̀nà ńlá Àpápá sí Òṣòdì, wọ́n la ti Òwòrònṣòkí mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ sì kóra jọ sójú kan. Ẹni tó ń ti Agége bọ̀, ẹni tó ń lọ Máìlì Tú, ẹni tó fẹ́ já sí Ìsọlọ̀, Òkòtà tàbí pápákọ̀ òfurufú, Òṣòdì ni gbogbo wọn ti ń sọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọ òmíràn. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Volkswagen fúnra rẹ̀ kò fi orúkọ rere bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Jámánì. Ìjọba Hitler ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1937, Ferdinand Porsche ló sì gbé àwòrán mọ́tò náà kalẹ̀. Wọ́n ní mọ́tò mẹ̀kúnnù ni. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa san márùn-ún owó Reichsmark lọ́sẹ̀, kó máa fi gba sítáǹbù, kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, bí ìwé bá kún, kó wá gbé mọ́tò lọ. Àwọn tó dá owó náà lé ní 300,000. Ẹni tí alájọ ti gbé owó rẹ̀ sá lọ rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí: ìjọba Hitler ṣubú láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn gba mọ́tò. Nígbà ogun, ohun ìjà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn bíi 20,000 tí wọ́n fi túláàsì mú, ẹlẹ́wọ̀n ogun àti ẹni tí wọ́n kó láti ilẹ̀ mìíràn, ni wọ́n sì ń lò nílòkulò. Ó yẹ kí a máa rántí èyí nígbàkigbà tí a bá ń yin iṣẹ́ ọwọ́ Jámánì.

Ogun parí, ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò nílùú Ọba wá wò ó, wọ́n ní mọ́tò burúkú ni, kò lè tà. Ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Ivan Hirst kò gbọ́ tiwọn. Ó mú kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ béèrè fún 20,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 1972, mọ́tò tí wọ́n ní kò lè tà yìí ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti gba ipò iwájú lọ́wọ́ Ford Model T tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn. Òun ni Yorùbá ń pè ní Ìjàpá.

Ṣùgbọ́n àbúrò Ìjàpá ló kan Òṣòdì jù. Lọ́dún 1947, oníṣòwò mọ́tò kan láti Netherlands, Ben Pon, rí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ kàn pọ̀ fúnra wọn láti máa fi kó irin kiri nínú ilé-iṣẹ́. Ó yọ ìwé pélébé lápò, ó ya àpótí kan tó ní taya mẹ́rin: awakọ̀ níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ẹrù láàárín. Ọdún 1950 ni bọ́ọ̀sì náà jáde. Ẹrù ni Ben Pon fi sọ́kàn. Èèyàn ni Èkó fi kún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní danfo.

Kí Ọ̀jọ́ tó dé, ilé-iṣẹ́ Mandilas ló ń kó Volkswagen wọ Nàìjíríà. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ló ń yáwó ra Ìjàpá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì ojú títì tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa sílẹ̀, a bọ́ sí apá ọ̀tún, mọ́tò Jámánì tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì sì wá bá wa lára mu. Lẹ́yìn náà ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san, bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ẹni tí kò ra mọ́tò ra alùpùpù. Ìjọba sì ti bá àwọn aláwọ̀ funfun ṣàdéhùn pé kí wọ́n wá máa to mọ́tò nílé wa: Peugeot gba Kàdúná, Volkswagen gba Èkó. Volkswagen mú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún okòwò náà, ìjọba àpapọ̀ mú 35, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn mìíràn pín ìyókù. Ìjàpá jáde níbẹ̀, Passat jáde, Golf àti Jetta jáde, Audi náà jáde. Igala tó kún ojú títì nígbà náà, ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti ń kó irin rẹ̀ wá, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Brasilia.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àti bọ́ọ̀sì àbúrò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìyìn tí Volkswagen gbà l'Ékòó ti wá. Kò ní rédíétọ̀, kò mu omi. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí fáànù náà àti jẹnẹrétọ̀ tó ń fún bátìrì níná. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ á dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ní kí òun ṣáà ti dé Bọ́ládé ná, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì mọ́ ọn lọ́wọ́, owó oṣù kan á sì bá a lọ.

Bóòtù mẹ́rin péré ló di ẹ́ńjìnnì náà mú. Mẹkáníìkì á yọ wáyà, á yọ rọ́bà epo, á tú ìjánu àkísílétọ̀, á gbé jáàkì sábẹ̀, á tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wá máa rọra fà á bọ̀ sẹ́yìn. Kò sí pé à ń wá ẹ̀rọ tó ń gbé nǹkan sókè. Ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì lè gbé e kalẹ̀ sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Máfolúkù tàbí Ṣógúnlé, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì dá a padà kí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí kò wo ìwé ilé-iṣẹ́ rí, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Orí irú àwọn wọ̀nyí ni òkìkí Volkswagen dúró lé. Ìpolówó ọjà kan kò lè ṣe é.

Danfo tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ní ìyà tirẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn mọ̀ pé orí ààrò lòun wà, bẹ́ǹṣì mẹ́ta mẹ́ta ni Jámánì sì ronú kàn, mẹ́rin mẹ́rin ni kọ̀ńdọ́ ń kó. Wọ́n ti yọ síìtì tó bá mọ́tò wá, wọ́n ti kan pákó tàbí irin dípò rẹ̀. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n fa ìlà dúdú méjì sí i lára, wọ́n kọ "Ìyá Ni Wúrà" sẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ á rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tí wọn kì í tì: "Òṣòdì Òkè! Òṣòdì Òkè! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Èrò tó bá fẹ́ sọ̀ á pariwo "Ó wà o!", awakọ̀ á sì rọra tẹ bíréèkì, àbí kó má tẹ̀ ẹ́ dé ìparí, kí èrò náà máa sáré tẹ̀lé mọ́tò bó bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Gbogbo èyí kò sí nínú àwòrán Ben Pon.

Kí n má fojú kéré Mercedes o. Jámánì kejì nìyẹn, òun ló sì ni ẹ́ńjìnnì abẹ́ mọ̀lúè, bọ́ọ̀sì ńlá Èkó. Ọkọ̀ ẹrù 911 ni, àwọn wẹ́dà Èkó ló kan ara bọ́ọ̀sì lé e lórí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mọ̀lúè méjì kì í fi jọra délẹ̀délẹ̀. Ó lágbára ju danfo lọ, ó sì pẹ́ láyé. Àmọ́ mọ̀lúè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú títì, pàápàá látìgbà tí bọ́ọ̀sì BRT ti dé lọ́dún 2008. Danfo ṣì ń bẹ.

Kí ló wá pa ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́? Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò mọṣẹ́. Inú páálí ni irin mọ́tò ti ń wá láti òkèèrè, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1981, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àṣẹ dín ohun tó ń wọlé kù, irin kò dé déédéé mọ́. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wá dé lọ́dún 1986. Lọ́dún 1985, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ. Lọ́dún 1987, bíi náírà mẹ́rin ni wọ́n ń kó sílẹ̀ fún dọ́là kan. Mọ́tò tuntun fò kọjá orí tíṣà àti nọ́ọ̀sì, tòkunbọ̀ sì ń gba Kútọnu wọlé ní ìdajì owó rẹ̀. Àwọn ará Jámánì kẹ́rù wọn. Nígbà tó ṣe, ìjọba ta ilé-iṣẹ́ náà, ó padà bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Stallion, wọ́n sì wá ń to Nissan àti Hyundai lórí ilẹ̀ tí Volkswagen kọ́. Lọ́dún 2015 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen díẹ̀ níbẹ̀. Volks ni àwọn èrò ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níwájú ẹnu ọ̀nà. Ní tiwa lápá ibí, ibùdókọ̀ tó wà létí Ládípọ̀ lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, Toyota ló ń jẹ́. Ayé ni mo wò, mo rẹ́rìn-ín.

Ọdún 2015 yẹn kan náà ni àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà pamọ́ sínú mọ́tò dísù, kí èéfín rẹ̀ lè dà bí èyí tó mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mílíọ̀nù mọ́kànlá mọ́tò kárí ayé ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ọ̀gá àgbà wọn, Martin Winterkorn, sì fipò sílẹ̀. Ìròyìn ńlá ni lókè òkun. Ní Ládípọ̀, iye tí gíábọ́ọ̀sì ń lọ ni wọ́n ń bára wọn sọ. Ẹni tí èéfín danfo ń fẹ́ sí nímú lójoojúmọ́, irú àṣírí wo ló fẹ́ bà á lẹ́rù?

Ládípọ̀ ló wá di ilé-iṣẹ́ tuntun fún ogún Jámánì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ Múṣín ló wà. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀, tó jẹ́ pé Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, ń kó ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti ilẹ̀kùn tòkunbọ̀ wọlé, mẹkáníìkì Ìsọlọ̀ ń rà á, danfo Òṣòdì ń jẹ ẹ́. Oríṣi oníṣẹ́ mẹ́ta ló ń fi mọ́tò kan jẹun láàárín máìlì mélòó kan, a ò sì rí ìwé ìtàn tó kọ ọ́.

Òṣòdì fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, Gómìnà Fáṣọlá lé àwọn tó ń tajà lójú títì àti lórí ojú irin kúrò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ìjọba Gómìnà Ambode wó ọjà Owónífàrí, àwọn ọlọ́jà sì sunkún ohun tí wọ́n pàdánù. Lórí àgbègbè yẹn ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ sí, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ó dára lójú, mi ò ní parọ́. Àmọ́ Ambode kan náà ti sọ lọ́dún 2017 pé òun fẹ́ kó danfo kúrò nílẹ̀ pátápátá, bí ìjọba kò bá sì kó wọn, ọjọ́ orí á kó wọn. Èyí tó pọ̀ jù lójú títì báyìí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn mọ́. Volkswagen LT àti àwọn bọ́ọ̀sì Japan ló ń jẹ orúkọ danfo, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní kòrópe sì ti gba àdúgbò.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ nìyí: ẹ wá danfo Volkswagen kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí tán, ẹ gbé e sí ibùdókọ̀ Òṣòdì níbi tí ọmọdé á ti lè wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ọdún 1950 àti 1975 sí i lára. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ pe àwọn àgbà mẹkáníìkì tó ṣẹ́kù ní Máfolúkù, Ṣógúnlé àti Ìsọlọ̀, kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, torí àgbà ti dé sí wọn.