Kòkòrò Tó Ń Jẹ Obì, Inú Obì Ló Wà

"Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà." Kì í ṣe olè tó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a ti fọkàn tán, tí a ti fún láyè nínú ilé, ni wọ́n ń sọ. Obì lè gbó, kó pọ́n dáadáa, kí a sì san owó gidi lé e. Ọjọ́ tí a bá là á la tó máa mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kóòdù tí gbogbo ayé ń pín lò lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Federal University Lokoja, yálà ó wà ní Adankolo tàbí ní Felele, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó wà nínú áàpù tó ń ṣe. Yóò tẹ npm install tàbí pip install, package, ìyẹn àdìpọ̀ kóòdù, tí ẹlòmíràn kọ yóò sì wọlé láti npm tàbí PyPI, níbi tí wọ́n ń kó wọn sí. Package kan á pe èkejì wọlé, èkejì á pe ẹ̀kẹta, títí tí wọn yóò fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí ẹni tó ń lò wọ́n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Èrò mi ni pé pípín kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́ ni àléébù. Ohun tó ń kó bá wa ni pé a fọkàn tán orúkọ, a ò sì béèrè ẹni tí orúkọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà fi orúkọ tanni. Èkíní ni ayédèrú. Ní ọdún 2018, ẹnì kan gbé package kan sórí PyPI, ó pè é ní jeIlyfish. Ojúlówó ni jellyfish, tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń wọn bí ọ̀rọ̀ méjì ṣe jọra tó. Ẹ tún orúkọ àkọ́kọ́ yẹn wò: lẹ́tà kẹta rẹ̀ kì í ṣe "l" kékeré, "I" ńlá ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan gbáko níbẹ̀ kí àṣírí tó tú ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí SSH àti GPG ló ń jí lọ́wọ́ àwọn tó bá gbà á wọlé. Ọ̀nà kejì ni orúkọ tí a fi lé àlejò lọ́wọ́. Dominic Tarr ló ń bójú tó package event-stream lọ́fẹ̀ẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì lò ó mọ́. Nígbà tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní right9ctrl ní òun fẹ́ gbà á ṣe ní ọdún 2018, ó gbé e fún un. Àlejò yìí so package kékeré kan, flatmap-stream, mọ́ ọn, kó lè jí owó bitcoin àwọn tó ń lo áàpù Copay. Ọ̀nà kẹta ni orúkọ tí a jí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ímeèlì kan láti npmjs.help, tó ṣe bí ẹni pé npm ló rán an, tan ẹni tó ń bójú tó package chalk àti debug. Package 18 ni wọ́n ba jẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì lé ní ìgbà bílíọ̀nù 2 tí ayé ń gbà wọ́n wọlé lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn kan yóò ní kóòdù tó wà ní gbangba kò lè fi nǹkan pamọ́, nítorí ojú púpọ̀ ló ń wò ó. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kóòdù tí à ń kà lórí GitHub kọ́ ló ń wọ kọ̀ǹpútà wa. Èyí tí wọ́n dì sínú package ni. Mímọ́ ni flatmap-stream lórí GitHub, inú ẹ̀dà tó wà lórí npm ni májèlé wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti xz, irinṣẹ́ tí a fi ń fún fáìlì pọ̀, ní ọdún 2024: ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan ti fi ohun tó lé ní ọdún méjì ṣe olùrànlọ́wọ́ rere kó tó fi májèlé sí i. Andres Freund, tó ń kọ kóòdù, ló rí i, nítorí pé SSH rẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀, ó sì wá ìdí rẹ̀. Ojú púpọ̀ kò ṣàǹfààní bí kò bá sí ẹni tó tú ẹrù náà wò.

Ẹlòmíràn á ní ká kúkú ra sọ́fítíwia olówó. Iléeṣẹ́ SolarWinds kì í fúnni ní sọ́fítíwia rẹ̀, Orion, lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ nǹkan bí 18,000 oníbàárà ló gba májèlé wọlé ní ọdún 2020. Àwọn tó sì ń béèrè pé ta ni yóò rántí Lokoja láti kọlù kò tíì gbọ́ nípa Shai-Hulud, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó jà lórí npm ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Kò yan ìlú. Ó ń jí àṣẹ ìwọlé ẹni tó bá kó o, ó sì ń fi í ba package ti ẹni náà jẹ́, títí iye àwọn package tó bà jẹ́ fi lé ní 500. Láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Felele lè tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé iléeṣẹ́ ní Èkó. Bí dátà àwọn ènìyàn bá sì jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni òfin Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 fún ẹni tí dátà náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí, ẹni yòówù kó kọ kóòdù náà.

Ohun tó kù ní ṣíṣe kò le. Ẹ ka orúkọ package ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á. Ẹ fi package-lock.json di ẹ̀dà tí ẹ ti yẹ̀ wò mú, kí ẹ má sì sáré gba ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láàárọ̀ yìí: ti chalk kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ kí àṣírí tó tú, ẹni tó bá dúró fún ọjọ́ mélòó kan ti bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi --ignore-scripts dí ọ̀nà kóòdù tó ń dá ṣiṣẹ́ nígbà tí a ń gbà á wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá kọ́ wọn ní npm install. Ẹ̀yin iléeṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pa owó, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: ẹ san nǹkan fún àwọn tó ń bójú tó package tí ẹ fi ń jẹun, kó má baà sú wọn dé ibi tí wọn yóò ti gbé e fún àlejò.