Ojú-Ìwé Ni Ká Wò Ká Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ìwé tí àwọn mọ́ńkì fọwọ́ kọ sórí awọ ẹran ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn ti di ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ṣí wò. Ilé ìkówèésí àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé ń gbé tirẹ̀ jáde lórí Gallica, Ilé Ìkówèésí Vatican ń ya tirẹ̀ ní fọ́tò, ojú-ewé kan tẹ̀lé òmíràn, Switzerland sì kó ti àwọn ilé ìkówèésí rẹ̀ jọ sójú kan tí wọ́n pè ní e-codices. Àwọn ìwé náà ti dé ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n orúkọ tí a ó fi pe ohun tó wà nínú wọn ní Yorùbá kò tíì dé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ̀wé ní Yorùbá lórí àwọn ọ̀rúndún tó wà láàárín ìṣubú Róòmù ní 476 àti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbilẹ̀ ní Yúróòpù, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò ṣí atúmọ̀ èdè, yóò sì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá jọ ọ́ jù. Ọ̀nà yẹn ni mo ta kò. Ẹni tó bá fẹ́ fún nǹkan ìgbà náà ní orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo nǹkan náà gan-an, nínú ìwé tí àwọn tó gbé ayé nígbà náà kọ, kí ó béèrè ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí Yorùbá sì sọ ìyẹn. Ní àná, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gba owó ọkọ̀ òfurufú àti ìwé àṣẹ láti wọ ilé ìkówèésí. Lónìí, kò sí àwáwí mọ́.

Ibi tó rọrùn jù ni ti ìwé fúnra rẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ ti wọ èdè wa tipẹ́. Tàdáwà wà, kálámù wà, àwọn ilé kéwú ló sì bá wa tọ́jú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣàpèjúwe akọ̀wé ilé àwọn mọ́ńkì kò nílò láti yá ọ̀rọ̀ kankan. Awọ màlúù, ti àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ni wọ́n ń rẹ sínú omi ẹfun, tí wọ́n ń fá, tí wọ́n ń nà gbọọrọ lórí igi títí yóò fi gbẹ; ìwé awọ ni. Bí a bá fa fọ́tò rẹ̀ tóbi, a ó rí ihò irun lójú kan, ojú kejì yóò sì mọ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀ṣọ́ inú ìwé náà tan mọ́ ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì túmọ̀ rẹ̀ láì wò ó yóò kọ ‘ìwé ìtànmọ́lẹ̀’, èyí tí Yorùbá yóò gbà sí ìwé tó ń la ni lọ́yẹ. Ohun tó wà lójú awọ ni wúrà tí wọ́n lù títí ó fi fẹ́lẹ́ ju takàdá lọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì kun ọ̀dà pupa àti búlúù yí i ká. Ìwé ọlọ́ṣọ̀ọ́ wúrà ló yẹ kí ó jẹ́. Wúrà yẹn kò jìnnà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú rárá: nínú àwòrán ilẹ̀ ayé tí wọ́n ṣe ní Majorca ní 1375, tó wà ní Paris tó sì wà lórí Gallica, Mansa Musa ọba Mali ló jókòó tó mú odidi wúrà lọ́wọ́.

Awọ wọ́n lówó. Bí ìwé kan bá ti pẹ́ tí kò sí ẹni tó ń kà á mọ́, wọn a fá tàdáwà rẹ̀ kúrò, wọn a kọ nǹkan mìíràn lé e. Èyí tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ni ti Archimedes. Akọ̀wé kan da iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ kọ ní ọ̀rúndún kẹwàá. Ní 1229 ẹlòmíràn fá a, ó fi awọ rẹ̀ ṣe ìwé àdúrà. Láàárín 1998 sí 2008, àwọn onímọ̀ tó bá Walters Art Museum ní Baltimore ṣiṣẹ́ ta oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ sí awọ náà títí ohun tí wọ́n ti fá fi hàn, wọ́n sì gbé àwọn fọ́tò rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ Gíríkì tí gbogbo Yúróòpù ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju ‘ohun tí a tún fá’ lọ. Yorùbá lè sọ jù bẹ́ẹ̀: awọ àfátúnkọ. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i bó bá ti gbọ́ orúkọ náà.

Orúkọ sànmánì náà le ju èyí lọ, nítorí pé ẹjọ́ wà nínú rẹ̀. Petrarch, akéwì ará Ítálì tó kú ní 1374, ló ka àwọn ọ̀rúndún tó tẹ̀lé Róòmù sí ìgbà òkùnkùn, àwọn tó tẹ̀lé e sì wò wọ́n bí àlàfo tó wà láàárín ìgbà ògo méjì. Nígbà tí a bá kọ ‘Sànmánì Òkùnkùn’ ní Yorùbá, ìdájọ́ Petrarch la gbé wọlé láì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Kí ni ìwé wí? Ní 1416, ọ̀mọ̀wé Poggio Bracciolini rí ẹ̀dà iṣẹ́ Quintilian ará Róòmù àtijọ́ tó pé pérépéré ní ilé àwọn mọ́ńkì ní St Gallen, inú gbogbo ọ̀mọ̀wé Florence sì dùn pé ìmọ̀ Róòmù ti padà. Àwọn mọ́ńkì sànmánì tí wọ́n ń pè ní òkùnkùn náà ló da á kọ tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Kódà ìlànà ìkọ̀wé tuntun tí Poggio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, lára lẹ́tà kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Charlemagne ní ìparí ọ̀rúndún kẹjọ ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n rò pé ti Róòmù àtijọ́ ni. Àwọn atẹ̀wé Venice sọ ọ́ di lẹ́tà ìtẹ̀wé. Òun náà ni Àjàyí Crowther fi tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843, òun sì ni òǹkàwé ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí. Ẹ̀rí yìí kò gba òkùnkùn láyè. ‘Sànmánì Agbedeméjì’ tó. Ipò ló sọ, kò dájọ́.

Ti sànmánì tó tẹ̀lé e ńkọ́? Vasari lo ọ̀rọ̀ Ítálì tó túmọ̀ sí àtúnbí nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà ní 1550, òpìtàn Michelet ará Faransé sì fi irú ọ̀rọ̀ kan náà sọ odidi sànmánì lórúkọ ní 1855. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn lẹ́sẹẹsẹ yóò ní ‘Sànmánì Àtúnbí’, kò sì ṣàṣìṣe nínú ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní ibùgbé lọ́dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín, bí ó ti ni ‘ìsọjí’, ẹni tó bá sì gbọ́ pé ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Florence yóò máa retí oníwàásù. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn náà ṣe kò ṣòro láti sọ: wọ́n wá ìwé àtijọ́ rí, wọ́n pe Manuel Chrysoloras láti Constantinople wá kọ́ wọn ní Gíríkì láti 1397, wọ́n wọn òpó Róòmù àtijọ́, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kọ́ ṣe tuntun. ‘Sànmánì Ìsọdọ̀tun’ ni mo fara mọ́.

Ibi tí ìjọra ti ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Sànmánì Agbedeméjì. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Àwọn tó rò ó jinlẹ̀ díẹ̀ ń pè é ní ìwọ̀fà. Ẹ ṣí Domesday Book, ìwé tí wọ́n kọ ní 1086 lórí àṣẹ William tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, tí fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí ayélujára fún gbogbo ayé. Abúlé lẹ́yìn abúlé, àwọn akọ̀wé rẹ̀ to àwọn ènìyàn ní ìsọ̀rí: iye ‘villani’, iye ‘bordarii’, iye ‘servi’, lẹ́yìn náà iye ohun ìtúlẹ̀ àti ilé ọlọ. Àwọn ‘servi’ yẹn ni ẹrú. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ náà tán sórí ‘villani’, kí ni a ó pe àwọn tó jẹ́ ẹrú gan-an? Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀ fún wa. Ìwọ̀fà kò bá a mu bákan náà, nítorí pé gbèsè ló ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé, bí wọ́n bá sì san owó, ó ń lọ sílé. Kò sí gbèsè kankan nínú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1086, ‘villanus’ kò ju ará abúlé lọ, bí ọ̀rọ̀ Látìnì náà ṣe wí, ‘ará abúlé’ náà ló sì yẹ kí a túmọ̀ rẹ̀ sí. Ní ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá ni òfin wá dè é pinpin: ó ń fi iye ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko olóyè tó ni ilẹ̀, ó ń sanwó kí ó tó lè fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ, kò lè ṣí lọ láìgbàṣẹ, bí ilẹ̀ bá sì bọ́ sọ́wọ́ olóyè mìíràn, òun náà bá a lọ. Síbẹ̀ ó ní oko tirẹ̀ tó ń ro. ‘Àgbẹ̀ àdèmọ́lẹ̀’ ni mo dábàá fún un, nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ara ‘villanus’ wá ti bo ipò méjì tí ó fi nǹkan bí 100 ọdún jìnnà síra. Yorùbá, bó bá wo ìwé, yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n lè wí pé ìjọra ló ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, pé ọmọ tó mọ ìwọ̀fà yóò tètè lóye. Yóò tètè lóye ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni. Àpẹẹrẹ tó wà nílé wa burú ju èyí lọ: Èṣù tí wọ́n fi túmọ̀ Sátánì nínú Bíbélì, tí wàhálà rẹ̀ kò tíì tán títí dòní. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìjúbà tí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ń ṣe fún olóyè. A ní ‘ìforíbalẹ̀’, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin àwọn Saxon tó wà ní Heidelberg, ẹ̀dà ọ̀rúndún kẹrìnlá tí Yunifásítì ibẹ̀ gbé sórí ayélujára, àwòrán fi hàn bí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ṣe ń pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí olóyè sì ń fi ọwọ́ tirẹ̀ bò wọ́n. Kò sí orí tó kan ilẹ̀. Yorùbá ní gbólóhùn tó ṣe wẹ́kú: ó fi ara rẹ̀ lé olóyè lọ́wọ́. N kò rò pé a ní láti fún gbólóhùn yìí pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kan gbọọrọ. Èdè tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀-ìṣe ni tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìperí.

Nígbà náà, kí ni a ó pe gbogbo ètò náà, ti ilẹ̀ tí a fi sìn, ti olóyè àti ẹni tó fara lé e lọ́wọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè? Èrò mi ni pé kí a má tíì pè é ní ohunkóhun. Àwọn amòfin tó wá lẹ́yìn Sànmánì Agbedeméjì ló fi àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ odidi ètò kan; àwọn tó gbé inú rẹ̀ kò mọ orúkọ náà. Òpìtàn Elizabeth Brown kọ̀wé ta kò ó ní 1974, òpìtàn Susan Reynolds kọ odidi ìwé ní 1994 láti fi hàn pé ẹ̀rí tó gbé e ró kò lágbára. Kí nìdí tí a ó fi ṣe làálàá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ rẹ̀ ń jù sílẹ̀? ‘Ilẹ̀ àfisìn’ wà lójú ìwé, òun ni kí a sọ lórúkọ.

Ní ti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ní wàhálà. Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́, ìkọ́ṣẹ́: gbogbo rẹ̀ la ń lò lójoojúmọ́, kódà ‘fíríìdọ́ọ̀mù’ tí télọ̀ àti mẹkáníìkì ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ bá ohun tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ London ń fún ọmọ iṣẹ́ tó bá parí ọdún rẹ̀ mu. Kìkì pé kí òǹkọ̀wé fi kún un pé ẹgbẹ́ ibẹ̀ lágbára nínú ìjọba: lẹ́yìn òfin 1293 ní Florence, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò lè di ipò ìlú mú, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àti olóògùn sì ni àwọn akunlé-àti-ayàwòrán wà.

Àtakò tó wúwo jù ni pé kí a yá ọ̀rọ̀, kí a sinmi. Pé ọ̀rọ̀ tí a bá hun kì í kúrò nínú ìwé tí a hun ún sí. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Mọ́ńkì, póòpù àti bíṣọ́ọ̀bù ti di tiwa, bí àdúrà àti ìwàásù ṣe tọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wá. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí bá nǹkan wọlé ni: ènìyàn gbàdúrà kí ó tó máa pè é ní àdúrà. Ọ̀rọ̀ tí a yá fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí kò ní ìtumọ̀ kankan láti dì mú. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a hun, iṣẹ́ onímọ̀ èdè Bámgbóṣé lórí èdè-ìperí ní 1984 àti ti Awóbùlúyì ní 1990 wà ní kíláàsì Yorùbá títí dòní, ‘ayélujára’ sì ti borí lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ohun tó so àwọn tó yè pọ̀ ni pé olùgbọ́ lè tú wọn wò kí ó sì rí nǹkan nínú wọn.

Ibì kan wà tí mo gbà pé ó ṣòro. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ìsọdọ̀tun ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Látìnì tó tan mọ́ ‘ènìyàn’ pè: gírámà, ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀, ìtàn, ewì àti ẹ̀kọ́ ìwà. Ìrètí wọn ni pé yóò sọ ọ̀dọ́ di ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó sì níwà. ‘Ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí’ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí ló dá mi dúró: ọmọlúàbí kò béèrè ìwé Cicero ará Róòmù àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé lè jẹ́ ẹ, inú ilé ni a sì ti ń kọ́ ọ. ‘Ẹ̀kọ́ ìwé àtijọ́’ kò dùn tó o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kà ló sọ. Kí àwọn tó bá ní èyí tó sàn jù mú un wá. Àyè ti wà: lábẹ́ àwòrán ìwé àfọwọ́kọ tó wà lórí Wikimedia Commons, a lè kọ àkọlé ní Yorùbá, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ṣófo.