Ruesi Dat Ton ní Ilẹ̀ Tàílàǹdì: Ìtàn Ìpamọ́ Ìmọ̀ kan

Ruesi dat ton ni àwọn ará Tàílàǹdì ń pe ètò nínara àti mímí tí wọ́n fi ń tọ́jú ara. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'adágbé-inú-igbó ń na ara rẹ̀', nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ọ̀dọ̀ irú àwọn amòye bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Nígbà tí Ọba Rama Kìíní tún tẹ́ńpìlì Wat Pho ní Bangkok ṣe, ó mú kí wọ́n fi amọ̀ mọ ère wọn síbẹ̀. Amọ̀ kò tọ́jọ́. Ní ọdún 1836, Ọba Rama Kẹta pàṣẹ kí wọ́n fi síǹkì àti irin mìíràn tí wọ́n yọ́ pọ̀ da ọgọ́rin (80) ère. Ère kọ̀ọ̀kan ní ewì tirẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, èyí tó ń sọ àìsàn tí ìnara náà wà fún, bí ẹ̀yìn ríro tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ líle. Báyìí ni ìmọ̀ ìlera di ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá wọ tẹ́ńpìlì lè fi ojú rí.

Ní ọdún 1838, wọ́n ya gbogbo wọn, pẹ̀lú ewì wọn, sínú ìwé kan. Lónìí, ère tó ti sọnù ju èyí tó ṣẹ́kù lọ. Inú ìwé yẹn ni ọgọ́rin náà ṣì ti pé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́: ìmọ̀ tó bá ní ibùgbé kan ṣoṣo, ewu ń bẹ fún un.