Ẹ̀fọ́ Tútù Kọ́ Ni Ẹ̀fọ́ Tó Ń Mú Ara Tutù

Ẹni tó bá bèèrè ẹ̀fọ́ tútù lọ́wọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Atíkórì, tàbí ní ibikíbi nínú ìlú márùn-ún tó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, èyí tí wọ́n já láàárọ̀ ni wọn yóò dì fún un. Ewé tútù, ẹja tútù, igi tútù: ohun tí kò tíì rọ, tí kò tíì gbẹ, tí iná kò tíì kàn. Bó bá wá ní ẹ̀fọ́ gbígbóná lòun ń fẹ́, wọn á júwe ilé olóúnjẹ fún un. Ibi tí iṣẹ́ ti le fún ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà nìyẹn. Ẹ̀fọ́, èso àti egbòogi ni wọ́n pín níbẹ̀, èyí tó ń mú ara tutù lọ́tọ̀, èyí tó ń mú un móoru lọ́tọ̀, ìpín náà kò sì kan bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Kùkúḿbà tí oòrùn ti pa láti àárọ̀, tó gbóná mọ́ni lọ́wọ́, atunilára ni lójú tiwọn síbẹ̀.

Orúkọ ìpín náà kò pọ̀. Han ló tutù jù, liang tẹ̀lé e, wen ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, re ló gbóná jù, ping sì dúró láàárín. Mẹ́rin ti wà nínú Shennong Bencao Jing, ìwé àtijọ́ tó to egbòogi 365. Nígbà tí oníṣègùn Li Shizhen parí ìwé egbòogi rẹ̀, Bencao Gangmu, ní 1578, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1596, ohun 1,892 ló kó sínú rẹ̀, ó sì máa ń sọ bí ohun náà ṣe rí lẹ́nu àti ohun tó ń ṣe fún ara. Wọn kò fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ẹnu rẹ̀ bó, ewé tó bá pa ìyẹn, ewé tó tutù ni. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, tí inú ń run ún, ohun tó bá lé òtútù náà lọ, ohun tó gbóná ni.

Èrò tèmi ni pé a kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń rí kà lórí ọ̀ràn yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ata àti fún iná. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀ rí. Ata ń ta, iná ń gbóná; ọbẹ̀ lè gbóná kó má ta, ó sì lè ta lẹ́yìn tó ti tutù nini. Àwọn ará Ṣáínà náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Títa wà lára ìtọ́wò márùn-ún tiwọn, pẹ̀lú kíkan, kíkorò, dídùn àti ti iyọ̀. Gbígbóná kì í ṣe ìtọ́wò rárá. Ẹ wo ewé míńtì, tí wọ́n ń pè ní bohe: ó ń ta, ó sì tutù. Ẹni tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ yóò ní láti ṣàlàyé gbólóhùn yẹn títí. Ẹni tó ti fi míńtì sẹ́nu rí, tó sì ń ronú ní Yorùbá, kò nílò àlàyé kankan. Ata gidi wá ń ta, ìwà rẹ̀ sì gbóná. Ejìnrìn korò, ó tutù. Èèpo ọsàn tanjaríìnì tí wọ́n sá gbẹ náà korò, ó tún ń ta, ṣùgbọ́n ó ń mú ara móoru. Ohun tí ahọ́n gbọ́ àti ohun tí ara gbà, ọ̀nà méjì ni.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí ni àmúnútutù. Ẹ̀fọ́ tó ń fà lára ọgbà ni, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń yọ̀ bó bá jinná. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Ṣáínà, luokui ni wọ́n ń pè é, àwọn ìwé egbòogi wọn sì kà á mọ́ han. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá kò rí ìwé wọ̀nyẹn, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n sọ: a-mú-inú-tutù. Orúkọ náà kò pe ewé ní tútù. Ohun tí ewé ń ṣe ló sọ, ó sì sọ ibi tó ti ń ṣe é. Pierre Verger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìmọ̀ ewé jọ lọ́wọ́ àwọn babaláwo, tí ìwé rẹ̀ Ewé jáde ní 1995, ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe máa ń fara pamọ́ sínú orúkọ ewé, tí iṣẹ́ ewé náà sì ń ti ibẹ̀ wá. Ọ̀nà tó yẹ kí a tọ̀ nìyẹn. “Ẹ̀fọ́ tútù” yóò máa ṣini lọ́nà títí ayé. “Ẹ̀fọ́ amáratutù” kò lè ṣini lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ lára àwọn amáratutù tiwọn, a mọ̀ wọ́n dáadáa. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, pápàsán wà níbẹ̀. Òdú náà, tí kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, han ni wọ́n pè é. Ejìnrìn tí àwa ń fún omi ewé rẹ̀ mu, èso rẹ̀ ni wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Apá kejì ló nira. Bí amáratutù bá rọrùn, kí ló dé tí a kò kàn ní amáragbóná? Nítorí pé ara gbígbóná, àìsàn ni lẹ́nu wa. Ìyá tó bá ní ara ọmọ òun gbóná ti ń wá ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ilẹ̀gbóná ni àwọn àgbà fi ń pe ìgbóná, àrùn tí wọn kì í dárúkọ gan-an, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé atalẹ̀ jẹ́ amáragbóná, mo ti sọ atalẹ̀ di ohun tó ń fa ibà, kò sì sí abiyamọ tí yóò fi í sínú ẹ̀kọ mọ́. Ohun tí mo yàn fún wen ni amáramóoru. Ooru kò dẹ́rù bani. Ẹnìkan dábàá amárayá, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí, ṣùgbọ́n ara yíyá jẹ́ àlàáfíà pátápátá. Bí amáramóoru nìkan bá ń mú ara yá, a ti dá ejìnrìn àti àmúnútutù lẹ́bi nìyẹn. Fún re, n kò ní fi ọ̀rọ̀ náà kan ara rárá. Ìwà ewé ni mo máa sọ pé ó gbóná.

Ìwà yìí náà ní ìdí. Àwọn tó kàwé yóò fẹ́ lo àbùdá, torí pé àbùdá ni ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Àbùdá ni èyí tí a bí mọ́ni. Atalẹ̀ tútù, wen ni. Bí wọ́n bá sá a gbẹ, ó di re. Àbùdá kì í yí padà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn, iná àti ọjọ́ lè yí ìwà padà. Bí mo ti gba ìwà wọlé ni ping rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ìwà pẹ̀lẹ́. Ó jọ ìyìn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí gbogbo ara lè gbà lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Iṣu tí wọ́n ń pè ní shanyao wà lára wọn, ẹbí kan náà sì ni òun àti ewùrà tí àwa Ìjẹ̀bú fi ń ro ìkọ́kọrẹ́.

Àwọn kan á bi mí pé ẹ̀rọ̀ ńkọ́. Ọ̀dúndún, rinrin, tẹ̀tẹ̀, omi ìgbín: gbogbo wa la mọ̀ wọ́n ní ẹ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bràsílì gan-an ṣì ń pín ewé òrìṣà sí ẹ̀rọ̀ àti gún, èyí tó ń tuni lára àti èyí tó ń ru nǹkan sókè. Ó súnmọ́ liang débi pé ó ń wọni lójú. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ̀ ń tu orí, ó ń tu ilé, ó ń tu ìlú tó dàrú. Liang kò kọjá ara ẹni tó jẹ ewé. Bí a bá fi ẹ̀rọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ni yóò sún kì, láìpẹ́ àwọn ọmọ á rò pé kùkúḿbà ni.

Tutù kan ṣì kù, òun ló sì léwu jù. Ewé qinghao korò, han ni. Ní nǹkan bí ọdún 1,700 sẹ́yìn ni Ge Hong, oníṣègùn ará Ṣáínà, kọ ọ́ pé kí ẹni tí ibà ń ṣe rẹ ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ sómi, kó fún un, kó mu ún. Kò ní kó sè é. Tu Youyou, onímọ̀ nípa oògùn ní Ṣáínà, ka gbólóhùn yẹn, ó fura pé iná ló ń ba ewé náà jẹ́, ó sì lo éétà, tó ń hó ní nǹkan bí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti fa agbára rẹ̀ jáde ní 1971. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2015. Nàìjíríà sì ti gba oògùn tó ti inú ewé náà wá gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ibà láti 2005. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Àgọ́-Ìwòyè tí kì í tà á. Tí a bá kọ ọ́ pé “àgbo tútù” ni Ge Hong ṣe, òótọ́ ni, torí àgbo tí a kò sè là ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé amáratutù lè wà nínú àgbo sísè, atalẹ̀ sì lè wà nínú àgbo tútù. Nítorí náà, bí a ṣe pò ó lọ́tọ̀, ìwà ewé lọ́tọ̀, kí òǹkọ̀wé sì sọ méjèèjì.

Èyí tí n kò fẹ́ kí a dì mọ́ orúkọ rárá ni shanghuo. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Ṣáínà nìyẹn bí ẹnu ọmọ bá ń bó, tí ọ̀fun ń dùn ún, lẹ́yìn tó ti jẹ ohun díndín ní àjẹjù. Jẹ̀díjẹ̀dí máa ń sáré wá sọ́kàn, torí pé oúnjẹ la dá lẹ́bi níhìn-ín náà. Ṣùgbọ́n adùn la gbà pé ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, ìsàlẹ̀ ló sì ń jókòó sí. Ẹnu àti ọ̀fun ni ti shanghuo ti ń hàn. “Iná ara ti ru sókè” tó o. Ìyá tó ń gba àwo àkàrà kúrò níwájú ọmọ rẹ̀ lè sọ ọ́, kí ọmọ náà sì gbọ́ ọ.