Kí FruityLoops tó dé, loop ti wà l'Ábẹ́òkúta

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé FL Studio sórí láptọ́ọ̀pù, tẹ́ ẹ rò pé òyìnbó ló kó loop wá fún wa, ẹ jókòó. Ìtàn ìlú wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó náà sì wà níbẹ̀. Thread rè é 🧵👇🏾

2/ Kí ni loop gan-an? Ìró kékeré kan ni. Tó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, láìsí àlàfo. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Beat tẹ́ ẹ ń jó sí yẹn, loop mélòó kan ló gun ara wọn lórí níbẹ̀.

3/ Òyìnbó ní ìtàn tiwọn o. Ní 1948, Pierre Schaeffer tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò ní Paris gba ìró ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀. Ó tún gé ojú àwo kí abẹ́rẹ́ má lè kúrò lójú kan, kí ìró kan náà máa yí po ṣáá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń fi téèpù ṣe é, kọ̀ǹpútà ló gbẹ̀yìn.

4/ Ẹ wá wo ìlù àpàlà. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń pòwe, òun ló ń ki èèyàn. Omele ńkọ́? Ohun kan náà ló ń lù, kò gbọdọ̀ ṣìnà. Agogo dúró sójú kan. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà ò yẹsẹ̀. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn tí kì í bá ṣe loop? Ọwọ́ èèyàn ló ń yí i, ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

5/ Ẹ lọ gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, nínú àwọn àwo tó ṣe fún EMI. Ẹ gbé etí kúrò lára ohùn ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà lábẹ́. Adéwọlé Onílùọlá ló ń fi ìlù dá a lóhùn, àwọn tó kù dúró gbọn-in lẹ́yìn wọn. Wọn ò ní ẹ̀rọ tó ń ka ìlù fún wọn. Etí àti ọwọ́ ni.

6/ Ilé Ransome-Kuti náà rèé. Bàbá àgbà, Canon J.J. Ransome-Kuti, lọ sí London ní 1922, ó kọ orin 43 sínú àwo fún Zonophone. Ọmọ ọmọ ẹ̀, Fẹlá, tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta ní 1938, wá gbé gìtá sí ojú kan tí kò kúrò níbẹ̀. “Zombie” ju ìṣẹ́jú 12 lọ, gìtá yẹn ń yí po, Tony Allen wà nídìí ìlù. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀.

7/ Ọdún 1980 ni nǹkan yí padà. Ní May 6, Àyìnlá kú l'Ábẹ́òkúta níbí. Lọ́dún yẹn náà, Roland ní Japan gbé ẹ̀rọ ìlù TR-808 jáde. Bọ́tìnnì 16 ló tò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀: o tẹ èyí tó o fẹ́, ìlù á dún níbẹ̀, á sì máa yí po.

8/ Ní ìparí 1997, Image-Line ní Belgium gbé FruityLoops jáde. Ní 2003 ló di FL Studio. Tó o bá ṣí i, kí lo máa rí? Àpótí kéékèèké 16 lórí ìlà kan. Ọmọ 808 ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ojú 16 làwọn ẹ̀rọ yìí máa ń kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ fún ẹ.

9/ Agogo kónkóló tiwa, 12 ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ò lè ka 12 o, ó lè kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún ẹ, inú 16 lo máa wà títí, wàá ní ìlù bàbá ẹ “ò bá beat mu.” Ó bá beat mu jàre. Ojú ibi tó o tò ó sí ni kò gbà á.

10/ Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ dín àpótí kù sí 12. Ẹ wá ìró agogo. Ẹ tẹ 1, 3, 5, 6, 8, 10, 11. Ẹ jẹ́ kó máa yí po, kẹ́ ẹ fẹnu pè é: kón, kón, kó-ló, kón, kó-ló. Ẹ ti dá a mọ̀, àbí? Ìbátan ẹ̀ wà ní Cuba títí dòní, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e lọ.

(Kò sówó? FL tí wọ́n fi ń dán an wò máa jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti iṣẹ́ náà pa, kò ní ṣí i padà fún yín bó ṣe wà. LMMS, ọ̀fẹ́ ni.)

11/ Lẹ́yìn agogo, ẹ fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi omele kan sí i. Ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tó ń ba loop àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ni pé gbogbo ìlù ló fẹ́ ṣe ìyáàlù. Tí gbogbo ẹnu bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló máa gbọ́? Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún akọrin.

12/ Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má kàn gé ìlù láti inú àwo àgbà kan kẹ́ ẹ máa tà á. Ẹni kan ló ni í. Òfin Copyright ti 2022 ò sì fojú kékeré wo àwọn tó lu ìlù náà. Lára àwo àtijọ́, orúkọ akọrin ló ń hàn gàdàgbà. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ ẹni tó lu omele?

13/ Àwa lè ṣe é lọ́nà míì. Onílù wà ládùúgbò wa. Ẹ lọ bá wọn, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ dúnàá dúrà, ẹ sanwó, ẹ fi fóònù gba ìlù wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé loop náà jáde, orúkọ wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ìlù “African” lọ́wọ́ ẹni tí kò dé Ẹ̀gbá rí, ẹ gbé e fún wọn.

14/ Tẹ́ ẹ bá ti ṣe kónkóló yín, ẹ gbé e sábẹ́ ibí kí gbogbo wa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sì mọ onílù kan ní Ìtòkò, Aké tàbí Òwu tó ń fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ bi í bóyá kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wa.