Àárò Ayé Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Èkìtì

Nígbàkúùgbà tí ọ̀dá owó bá dá, ayé àtijọ́ a di oyin lẹ́nu àwọn àgbà. A ó gbọ́ pé iṣu a máa ta nígbà náà, pé ọmọ a máa gbọ́ràn, pé kò sí ẹni tí ń fi ebi sùn. Àwa tí a ń kọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a bèèrè pé, ọdún wo gan-an ni ayé náà dùn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1931. Ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1929 ti kárí ayé, owó kòkó sì ti wálẹ̀ gidigidi. Igi kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti Aisegba ń so bí ó ti ń so tẹ́lẹ̀. Owó orí kò sì gbọ́ àwáwí. Bí àgbẹ̀ kan ní Aisegba bá jókòó níwájú ilé rẹ̀ tí ó ń dárò ìgbà èwe rẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Síbẹ̀, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni 60 ọdún, 1871 ni a bí i. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí Fábùnmi Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀ láti ja ogun Kírìjì. Ó ti di ẹni ọdún 22 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní 1893. Ogun ni ó yí ìgbà èwe tí ó ń dárò rẹ̀ ká!

Ìpọ́njú ní ọjọ́, ìdẹ̀ra kò ní. Àwọn bàbá wa tí kò mọ ọdún tí a bí wọn a máa fi ogun kà á, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan wí pé ọdún tí gbogbo ìlú yó ni a bí òun.

Ṣùgbọ́n àárò kì í ṣe irọ́ lásán. Ní 1688 Johannes Hofer, ní ìlú Basel ní Switzerland, kọ̀wé pé àìsàn ni àárò ilé jẹ́ fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n wà ní àjò. Ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ ọ́ lórúkọ: ìpadàbọ̀ sílé, àti ìrora.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ní Èkó, ìrora yìí kan náà di iṣẹ́. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà dé láti Sàró àti Bràsílì, ní ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ níbẹ̀. Bóyá ilé tí wọ́n ń rántí dùn ju ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Èmi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìbọn ìgbàlódé àti ọta ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé ní ojú ogun.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ibùdó kò tú títí di 1893. Ọmọ tí a bí sí ibùdó ní 1879 ti pé ọdún 14 kí ó tó rìn lọ sí ìlú bàbá rẹ̀, ìlú tí ó ti mọ̀ dáadáa láti ẹnu ìyá rẹ̀, tí kò sì tíì fojú rí rí.