Ádámù, Darwin àti Ìdánwò WAEC

1859 ni Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní London. 1884 ni iṣẹ́ ìtumọ̀ odidi Bíbélì sí Yorùbá parí. Ọdún 25 péré ló wà láàárín wọn.

Ní 1925, wọ́n gbé John Scopes, tíṣà kan ní Tennessee, lọ sí kóòtù torí ó kọ́ ọmọ pé ara ẹranko lèèyàn ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n bu owó ìtanràn 100 dọ́là lé e. 1967 ni wọ́n tó wọ́gi lé òfin náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, Darwin wà nínú bàọ́lọ́jì WAEC, Jẹ́nẹ́sísì wà nínú CRK. Ọmọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. L'Ílọrin níbí, Mùsùlùmí tó jókòó tì í náà gbà pé Ọlọ́run ló fi amọ̀ mọ Ádámù.

Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín, ẹ má ní kí ọmọ fo ìbéèrè yẹn. Ohun tí Darwin sọ ni wọ́n bi í, wọn ò bi í léèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kó kọ ọ́, kó gba máàkì. Ìgbàgbọ́ tó bá ń sá fún ìwé, àwa la ò kọ́ ọ dáadáa nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, kì í ṣe ti tíṣà.

Olúwa á fún àwọn ọmọ wa l'ọ́gbọ́n. Àmín.